Ẹ̀rọ Kò Mọ Ohun Tí Ó Wà Lọ́kàn Ẹni

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń jiyàn lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kakulétọ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ó ń sọ ọmọ dà, pé ọmọ tí kò tíì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Èkó. Àríyànjiyàn náà a sì máa gbóná jù nígbà tí a bá dé orí àwọn nọ́ńbà kan tí òye wọn le, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń kọ lẹ́tà i mọ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, n kì í ṣe olùkọ́ ìṣirò, ẹnikẹ́ni sì lè bi mí pé kí ni ó kàn mí níbẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ń tẹ nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ, gbólóhùn ni ó ń kọ. Bí gbólóhùn náà bá wọ́, ìdáhùn rẹ̀ yóò wọ́ pẹ̀lú. Èyí tí ó sì burú jù ni pé ẹ̀rọ kì í sábà sọ fún ni pé gbólóhùn ẹni wọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀ mọ irú nọ́ńbà tí à ń wí. Bí a bá fi nọ́ńbà kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ju òdo lọ tàbí èyí tí ó rẹlẹ̀ sí i, ohun tí a ó rí kì í rẹlẹ̀ sí òdo. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. −3 lọ́nà −3 náà jẹ́ 9. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bèèrè gbòǹgbò −9, èyíinì ni nọ́ńbà tí a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó tó jẹ́ −9, ó dà bí ẹni pé ohun tí kò sí ni ó ń wá. Ní ọdún 1545, Girolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ars Magna: kí a pín 10 sí ọ̀nà méjì, kí ó sì jẹ́ pé bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ a ó rí 40. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. 5 àti 5 yóò fún yín ní 25, kò sì sí ìpín mìíràn nínú àwọn nọ́ńbà tí a mọ̀ tí ó lè ju èyí lọ. Cardano kò torí bẹ́ẹ̀ dúró. Ó mú 5 tí a ro gbòǹgbò −15 mọ́, ó sì mú 5 tí a yọ gbòǹgbò −15 kúrò nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó rí 25 àti 15, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 40 géérégé. Òun tìkára rẹ̀ kò ka nǹkan náà sí ohun tí ó wúlò. Ará Ítálì mìíràn, Rafael Bombelli, ni ó to òfin wọn lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1572. René Descartes, ará Faransé, sọ wọ́n ní nọ́ńbà àfinúrò ní ọdún 1637. Leonhard Euler sì fi lẹ́tà i dúró fún gbòǹgbò −1 ní ọdún 1777.

Orúkọ tí Descartes sọ wọ́n yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ó ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ọmọ kí wọ́n tó rí ohun náà. Nínú èdè tiwa, ẹni tí ó bá pe ẹ̀ẹ́dógún ti yọ 5 kúrò nínú 20 kí ó tó la ẹnu. Ẹni tí ó bá pe àádọ́ta ti yọ 10 kúrò nínú 60. Ìyọkúrò kì í ṣe àlejò nínú òǹkà wa, kò sì yẹ kí nọ́ńbà tí ó rẹlẹ̀ sí òdo máa lé wa sá. Gbòǹgbò irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1797 Caspar Wessel, awọnlẹ̀ ará Nọ́wè, fi han ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì pé a lè yà á sórí ìwé, Jean-Robert Argand sì ṣe bákan náà ní ọdún 1806. Bí a bá rí 3+4i, kí a rìn ní ìṣísẹ̀ 3 sí apá ọ̀tún, kí a sì rìn ní ìṣísẹ̀ 4 sókè. Ibi tí a dúró sí ni nọ́ńbà náà, ìṣísẹ̀ 5 sì ni yóò jẹ́ bí a bá gba ọ̀nà tààrà padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a lè fi ẹsẹ̀ tọ̀ báyìí, báwo ni yóò ṣe jẹ́ àfinúrò? Èmi yóò máa pè é ní nọ́ńbà alápá-méjì: apá kan jẹ́ nọ́ńbà gidi tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, apá kejì ni ó ní i lára.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ẹ̀rọ. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni TI-84 Plus, tí ilé-iṣẹ́ Texas Instruments mú jáde ní ọdún 2004. Ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù ni. Bí a bá tẹ ìdọ́gba sí i, yóò ya ìlà rẹ̀ sójú. Lẹ́tà i wà lókè bọ́tìnnì àmì désímà, bọ́tìnnì tí a kọ 2nd sí ni a ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ kí ó tó lè jáde. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì MODE, a ó rí ìlà kan tí ó fún wa ní ọ̀nà mẹ́ta láti yàn: REAL, a+bi, àti re^θi. REAL ni ẹ̀rọ náà máa ń wà, àyàfi bí ẹnìkan bá yí i padà. Níbí ni wàhálà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n ní kí ọmọ kan wá x nínú ìdọ́gba x² − 6x + 13 = 0. Ó rántí òfin tí olùkọ́ kọ́ ọ, ó sì tẹ (6+√(36−52))/2. Bí ẹ̀rọ bá wà ní REAL, yóò kọ ERROR sójú, yóò sì sọ pé NONREAL ANSWERS. Ohun tí ẹ̀rọ sọ kò ju pé ìdáhùn náà kò sí lára àwọn nọ́ńbà gidi. Ṣùgbọ́n ERROR ni ọmọ rí. Ó rò pé òun ti ṣe àṣìṣe, tàbí pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn; ó fa igi lé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìdáhùn. Bí ó bá ti yí ẹ̀rọ sí a+bi tí ó sì tún tẹ ìlà kan náà láìfi ohunkóhun kún un, 3+2i ni yóò rí. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní REAL náà, bí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ i sínú ìbéèrè, ẹ̀rọ yóò dá a lóhùn pẹ̀lú i. Ó dà bí àgbàlagbà kan tí kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ kan àfi bí ọmọ bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Gíráàfù náà a sì máa tan ọmọ jẹ. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ ya y = x² − 6x + 13, yóò ya ìlà tí ó tẹ̀ bí ìsàlẹ̀ igbá, tí kò sì kan ìlà ìdúbúlẹ̀ rárá. Ọmọ yóò ní, "Ẹ wò ó, kò kàn án, nítorí náà kò sí ìdáhùn." Ṣùgbọ́n kí ó wo ibi tí ìlà náà ti rẹlẹ̀ jù lọ. Ó wà ní ìṣísẹ̀ 3 sí ọ̀tún, ó sì fi ìṣísẹ̀ 4 ga ju ìlà ìdúbúlẹ̀ lọ. Kí ó mú 3 yẹn. Kí ó mú gbòǹgbò 4, tí í ṣe 2. Ìdáhùn méjèèjì ni 3+2i àti 3−2i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí nígbàkígbà tí kò bá sí nọ́ńbà kankan níwájú x² tí ìlà rẹ̀ sì wà lókè láìkan ìsàlẹ̀. Ìdáhùn wà nínú àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a kò fi ibi tí à ń wò hàn ni kò rí i.

Bí ó ti wù kí ERROR burú tó, ó sàn, nítorí pé ó ké. Èyí tí mo bẹ̀rù ni àṣìṣe tí kò ké. Bí a bá fẹ́ fi 1−i pín 2+3i, tí a sì tẹ (2+3i)/(1−i), ẹ̀rọ yóò sọ pé −.5+2.5i, òótọ́ ni. Bí a bá gbàgbé àkámọ́ tí a tẹ 2+3i/1−i, ẹ̀rọ yóò fi 1 nìkan pín 3i, yóò ro 2 mọ́ ọn, yóò yọ i kúrò, yóò sì sọ pé 2+2i. Kò ní fi ojú kan hàn pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni (3+4i)² jẹ́ −7+24i, ṣùgbọ́n 3+4i² jẹ́ −1 lásán, nítorí pé i nìkan ni àmì ìlọ́po náà bá jà. Bọ́tìnnì àyọkúrò méjì sì tún wà lára ẹ̀rọ yìí: ọ̀kan wà fún nọ́ńbà tí ó rẹlẹ̀ sí òdo, èkejì wà fún yíyọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn. Ẹni tí ìdáhùn tí ó rí kẹ́yìn jẹ́ 5, tí ó wá fẹ́ tẹ −3+2i, tí ó sì fi bọ́tìnnì ìyọkúrò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yóò rò pé inú 5 àná ni ó fẹ́ yọ ọ́. Yóò sì fún un ní 2+2i. Ẹni tí ó bá ń ka ohun tí ó ń tẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀rọ ti kọ Ans síwájú rẹ̀. Ẹni mélòó ni ó ń kà á?

Ẹ̀rọ méjì tí baba wọn jẹ́ ọ̀kan pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ èdè bákan náà. TI-82, tí ó jáde ní ọdún 1993, a máa ka 1/2X sí 1 tí a fi 2X pín. TI-83, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1996, a máa kà á sí ìdajì X. TI-84 tẹ̀ lé ti ìkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹ 1/2i sínú rẹ̀ yóò rí .5i, nígbà tí ó sì jẹ́ pé −.5i ni 1 tí a fi 2i pín. Òdìkejì pátápátá ni. Ọ̀rọ̀ igun náà ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wà ní díígírì, yóò ka 45 tí ó wà nínú cos àti sin sí díígírì, ṣùgbọ́n kò ní ka 45 tí ó wà nínú e^(45i) bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ náà tìkára rẹ̀ ni ó gbà wá níyànjú pé rédíánì ni kí a máa lò fún nọ́ńbà alápá-méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá lọ́dọ̀ mi, ǹjẹ́ ẹ kò ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí? Bí ọmọ tí ń gbé ilé-ìwé bá kọ̀wé sí baba rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i pé "Oga wa gba mi lanaa," baba kò mọ̀ bóyá ọ̀gá gba ọmọ lọ́wọ́ ewu ni tàbí ó gbá a létí. Ṣùgbọ́n baba yóò ronú. Ó mọ ọmọ rẹ̀, ó mọ ọ̀gá náà, yóò wo gbólóhùn tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, yóò sì mọ èyí tí ọmọ ń wí. Èyí ni ó jẹ́ kí àwa Yorùbá máa fojú kékeré wo àmì ohùn. Àánú òǹkàwé ni a gbójú lé. Ẹ̀rọ kò ní àánú yẹn. Ohun tí a kọ ni ó ń kà. Ohun tí a ní lọ́kàn kò kàn án. Àkámọ́ ni àmì ohùn rẹ̀, mo sì ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ ni ó máa ń gbàgbé àkámọ́ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré inú ìwé ni gbogbo èyí. Iná mànàmáná tí ń wọ ilé wa kì í ṣàn síhà kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Charles Proteus Steinmetz, tí a bí ní Breslau nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn ní ọdún 1893 bí nọ́ńbà alápá-méjì ti ń sọ ìṣirò irú iná bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀rùn. (Àwọn oníná a máa kọ j dípò i, nítorí pé i ni wọ́n ti fi ń pe iná tí ń ṣàn.) Ká ní ẹ̀rọ kan wà tí ìdènà rẹ̀ sí iná jẹ́ óòmù 3+4i, tí a sì fi iná fóòtì 230 sí i. Bí a bá tẹ 230/(3+4i), tí a wá ní kí ẹ̀rọ ìṣirò sọ bí iná náà ti tó, ámpù 46 ni. Bí a kò bá fi àkámọ́ sí i, 3 nìkan ni yóò fi pín 230, iná náà yóò sì lé ní ámpù 76. Ẹni tí ó gba 76 gbọ́ níbi tí 46 wà yóò ra wáyà tí ó nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, owó sì ni ó ṣòfò. Bí àṣìṣe náà bá wá ṣẹlẹ̀ síhà kejì, wáyà tínínrín ni yóò rà. Wáyà tínínrín tí iná pọ̀ jù fún a sì máa gbóná nínú ògiri títí ilé yóò fi gbiná.

Àwọn tí ó ní kí a kó ẹ̀rọ jìnnà sí irú nọ́ńbà yìí kò mọ ìtàn ẹ̀rọ. Nítorí wọn gan-an ni a ṣe ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò ńláńlá àkọ́kọ́. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní New York, iṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù ń béèrè ìṣirò nọ́ńbà alápá-méjì láìdáwọ́ dúró, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì ń jókòó ti ẹ̀rọ orí tábìlì láti máa ṣe é. George Stibitz àti Samuel Williams ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January, ọdún 1940. Ní September ọdún kan náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń ṣe ìpàdé ní Dartmouth College ní ìlú Hanover, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tẹ ìbéèrè sí i, ó gba wáyà tẹlifóònù lọ sí New York, ìdáhùn sì padà wá bá wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jókòó sí ìlú kan tí a ń lo ẹ̀rọ ìṣirò tí ó wà ní ìlú mìíràn. Nọ́ńbà tí Cardano rò pé kò wúlò ni wọ́n fi rán an.

Bí mo ti wí èyí tán, n kò gbè sẹ́yìn àwọn tí ó ní kí ọmọ ṣáà máa tẹ bọ́tìnnì. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù kò wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àjọ WAEC kò sì gba ẹ̀rọ tí a lè kọ ètò sínú rẹ̀ láàyè nínú yàrá ìdánwò. Ẹ̀rọ kékeré bí Casio ni ọmọ wa ń lò. Nínú àwọn wọ̀nyí, fx-82 kò mọ i rárá. Fx-991ES mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a ní láti tẹ MODE àti 2 kí ó tó bọ́ sí CMPLX, bọ́tìnnì ENG ni a ó sì fi pe i jáde. Ọmọ tí ó ti há bọ́tìnnì sórí lára ẹ̀rọ kan yóò di òpè ní ọjọ́ tí a bá gbé òmíràn fún un. Ọmọ tí ó mọ̀ pé 2+3i jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, pé odindi rẹ̀ ni a fẹ́ pín, pé odindi 1−i ni a sì fẹ́ fi pín in, yóò bèèrè ibi tí àkámọ́ wà lára ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ó bá bá pàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì bá a pàdé láìpẹ́, nítorí pé ọdún àkọ́kọ́ ni Yunifásítì ni a ti ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ní nọ́ńbà yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ ya nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, kí ó lè mọ̀ ṣáájú bóyá ìdáhùn yóò bọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, sókè tàbí nísàlẹ̀. Ọmọ tí ó ti ya (2+3i)/(1−i) yóò ti mọ̀ pé apá òsì ni ó wà. Bí ẹ̀rọ bá sọ fún un pé 2+2i, tí ó wà ní ọ̀tún, yóò fura. Lẹ́yìn náà ni kí ó tẹ̀ ẹ́. Kí ó sì ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ padà sétí ara rẹ̀ kí ó tó tẹ ENTER, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń mú kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ka àròkọ wọn sókè kí wọ́n tó fi lé mi lọ́wọ́.

Bí ó bá sì ṣe pé èmi ni a fún ní àṣẹ lórí ìdánwò, n óò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo ẹ̀rọ kọ ìlà tí ó tẹ̀ sínú rẹ̀ sórí ìwé, àkámọ́ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kí a sì fún un ní máàkì lórí ìlà náà yàtọ̀ sí ti ìdáhùn. Nígbà náà, olùkọ́ tí ó rí 2+2i yóò mọ̀ bóyá ìṣirò ni kò yé ọmọ tàbí àkámọ́ ni ó gbàgbé, yóò sì mọ èyí tí yóò kọ́ ọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ní èyí yóò gba àkókò. Ìlà kan ni.